Òróró Lórí Òkúta Sáfírè

Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí jù mí lọ dáadáa. Òun ni olórí ẹ̀ka físíìsì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí mo ti ń kọ́ni ní Ìkẹ́rẹ́, alàgbà sì ni nínú ìjọ tí èmi àti ọkọ mi ń lọ. Bí a bá pàdé, "ẹ" ni mo fi ń pè é, n ó sì fi "sà" kún un. Nínú ohun tí mo ń kọ yìí, "ó" ni n ó máa fi pè é. Ẹni tó bá rò pé n kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé, kí ó kà á títí kó tó bínú sí mi.

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ṣòro láti ṣàlàyé fún àwọn ará ilé ọkọ mi ní Ìsẹ̀. Wọ́n ti gbà pé rédíò ni mo ń tún ṣe, mo sì ti fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní tòótọ́, ẹ̀rọ tó ń pèsè ìgbì ni mo ń ṣe, irú ìgbì tí fóònù àti rédà ọkọ̀ òfuurufú ń lò. Gbogbo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ló ní ohùn kan tó yẹ kó dì mú, kò sì sí èyí tó ń dì í mú gírígírí. Ohùn náà máa ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, bíi ti àgbà akọrin tí èémí rẹ̀ ti ń kúrú. Gbígbọ̀n yẹn ni àwa ń pè ní ariwo. Rédà tí ariwo rẹ̀ bá pọ̀ kò ní rí ohun tó ń rìn jẹ́jẹ́, aago tí ariwo rẹ̀ bá pọ̀ á sì máa ṣi àsìkò sọ. Láti ìgbà tí mo ti gboyè ni mo ti pinnu pé n ó ṣe ẹ̀rọ kan tí kò ní pariwo, àti pé ní Ìkẹ́rẹ́ níbí ni n ó ti ṣe é.

Òkúta ló ń mú un dákẹ́. Sáfírè ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti òrùka. Ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ṣe é, ó mọ́ gaara, ó rí roboto, ó sì tó agolo mílíìkì. Ìgbì máa ń sáré yípo etí rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún. Bí òkúta bá tutù, ìgbì á pẹ́ nínú rẹ̀ kó tó kú, bó bá sì ṣe pẹ́ tó ni ohùn ẹ̀rọ ṣe máa dúró tó. Ìdí nìyí tí a fi ń gbé òkúta náà sínú agolo bàbà, tí a ó sì ri agolo náà sínú náítírójìn olómi, èyí tó tutù ju yìnyín lọ jìnnàjìnnà.

Àkúrẹ́ ni mo ti ń ra náítírójìn, lọ́wọ́ àwọn tó ń rọ ọ́ fún àwọn oníṣẹ́ màlúù, tí wọ́n fi ń tọ́jú àtọ̀ akọ màlúù. N ó gbé fúláàsì ńlá náà sẹ́yìn ọkọ̀ mi, n ó sì ṣí gbogbo fèrèsé, òjò ìbáà máa rọ̀, nítorí èéfín rẹ̀ lè lé afẹ́fẹ́ tí à ń mí kúrò nínú ọkọ̀. Àwọn ọlọ́pàá ojú ọ̀nà mọ̀ mí. Nígbà kan wọ́n ní kí n ṣí i kí àwọn rí ohun tí mo gbé. Mo ṣí i, èéfín funfun rú jáde, wọ́n ní kí n máa lọ.

Ohun kan ṣoṣo ni òkúta yìí kórìíra, ọwọ́ ènìyàn ni. Ọ̀rá tó wà lára ìka, tí ẹ kò tilẹ̀ rí, tó láti bà á jẹ́, nítorí etí òkúta gan-an ni ìgbì ń gbà kọjá, ohun yòówù tó bá lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ ni yóò máa jẹ ìgbì náà run. Ìbọ̀wọ́ ni a fi ń gbé e. Asitóònù tó mọ́ ni a fi ń fọ̀ ọ́, irú èyí tí àwọn ọmọbìnrin fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́, ṣùgbọ́n tiwa mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti lé akẹ́kọ̀ọ́ jáde nítorí pé ó ra ìpara kó tó wọlé.

Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ kìíní kọ́kọ́ di ohùn rẹ̀ mú, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàbù, mo sì sunkún. Olórí ẹ̀ka ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo pè wá wò ó. Ó wò ó, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ní, "A ti ṣe é." Ó yẹ kí n ti fura sí "a" yẹn.

Ó gba gbogbo ohun tí mo ti kọ lórí ẹ̀rọ náà, ó ní òun fẹ́ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó fi ránṣẹ́. Ó pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà tí mo tún máa rí i, ó ti jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀, orúkọ rẹ̀ ló wà lókè, ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí kò tẹ ilẹ̀ Ìkẹ́rẹ́ rí ló tẹ̀ lé e. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí wọ́n ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀ àti akọ̀wé, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo bá wọn gbé náítírójìn. Mo ka ìlà yẹn títí ojú mi fi ṣú.

Mo lọ bá a ní ọ́fíìsì. N kò pariwo. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ gbàgbé orúkọ mi." Ó ní kí n jókòó, n kò jókòó. "Màdáàmù," ó ní, "ẹ̀ka ló ni iṣẹ́ yìí. Èmi ni mo sì ń darí ẹ̀ka." Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ti sọ ọ̀rọ̀ ọgbọ́n. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ó ní kí n kó ẹrù mi kúrò láàbù, pé àlejò yóò máa wá wo ẹ̀rọ òun, òun kò sì fẹ́ kí ibẹ̀ rí wúruwùru. Ó fún mi ní yàrá kan lẹ́yìn ilé jẹnẹrétọ̀, níbi tí wọ́n ń kó àga tó ti ṣẹ́ sí. Òkúta sáfírè kejì wà nínú páálí rẹ̀ lórí tábìlì mi, torí méjì ni mo rà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó gbé páálí náà, ó mì í, ó ní kí n máa mú un lọ, ọ̀kan ti tó òun.

Ọkọ mi jẹ́ olùkọ́ ní ilé ìwé girama kan, ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Ó ní, "Jẹ́ kí á fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ uṣẹ́ ni, má jẹ́ kó wọ ulé wa." Mo sọ fún un pé iṣẹ́ Ọlọ́run ti pọ̀ jù, ọwọ́ tèmi ló dilẹ̀. Ó wò mí, ó padà sídìí ìwé àwọn ọmọ tó ń máàkì. Ìyá mi ní Ògòtún ni kò bá mi sọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Kòkó ni wọ́n ń sá nígbà tí mo débẹ̀, wọn kò tilẹ̀ gbé ojú sókè. Wọ́n bi mí pé, "Ṣé uṣẹ́ ùwọ ni?" Mo ní tèmi ni. Wọ́n ní, "Lọ gbà á."

Nínú yàrá àga ṣíṣẹ́ yẹn ni mo ti ṣe ẹ̀rọ kejì. Jẹnẹrétọ̀ ń mi ilẹ̀, ilẹ̀ ń mi tábìlì, bí tábìlì bá sì mì, ohùn ẹ̀rọ á gbọ̀n. Mo lọ ra rọ́bà inú táyà lọ́wọ́ ẹnìkan tó ń lẹ táyà, mo gé e tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, mo fi so agolo bàbà rọ̀ sára igi àjà. Nígbà tí mo ṣe é tán, ilẹ̀ lè máa mì bó ṣe fẹ́. Ìyà tí olórí ẹ̀ka fi jẹ mí ló kọ́ mi ní èyí, n kò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo máa ń bá a jà lọ́kàn mi ní gbogbo ọ̀nà Àkúrẹ́. Nínú ọkọ̀ yẹn, pẹ̀lú gbogbo fèrèsé ní ṣíṣí, mo ti dá a lẹ́jọ́, mo ti gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀, mo ti jẹ́ kó jẹ́wọ́ lójú ìjọ kó sì tún un sọ nítorí pé àwọn tó wà lẹ́yìn kò gbọ́. N ó dé ẹnu ọ̀nà kọ́lẹ́ẹ̀jì, n ó nu ojú mi, n ó sì wí pé, "Ẹ káàárọ̀, sà."

Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ pé àjọ kan láti Àbújá fẹ́ kọ́ láàbù tuntun sí Ìkẹ́rẹ́ nítorí ẹ̀rọ náà. Ẹni tó ni ẹ̀rọ ni yóò ṣe olórí ibẹ̀, òun ni yóò yan òṣìṣẹ́, orúkọ rẹ̀ ni yóò sì wà lára gbogbo ohun tó bá ti ibẹ̀ jáde. Bí ọkùnrin yìí bá gbà á, ó parí fún mi nìyẹn. N ó máa kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìíní títí n ó fi fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n àwọn àjọ ní àwọn kò ní tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ẹnu. Wọ́n ń bọ̀ wá wọn ariwo ẹ̀rọ náà lójú ara wọn.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti padà dé ọ̀dọ̀ mi. Bí ẹ̀rọ bá ti dákẹ́ tán, kò sí ohun tí a lè fi wọn ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ àfi ẹ̀rọ mìíràn tó dákẹ́ bíi tirẹ̀. A ó so méjèèjì pọ̀, a ó yọ ohùn ọ̀kan kúrò nínú ti èkejì, ohun tó bá ṣẹ́kù ni ariwo. Ìdí tí mo fi ra òkúta méjì nìyẹn. Ọkùnrin náà kò mọ̀. Ó rò pé ìpààrọ̀ ni èkejì, bíi táyà tí a ń gbé sẹ́yìn ọkọ̀. Àwọn àjọ ló ṣàlàyé fún un lórí fóònù.

Ó wá sí yàrá mi fún ìgbà àkọ́kọ́, ó dúró sáàárín àwọn àga tó ṣẹ́. "Màdáàmù," ó ní, "ẹ ó gbé tiyín wá lọ́jọ́ náà. Ẹ ó kàn tàn án ni, ẹ kò ní láti sọ̀rọ̀." Mo ní, "Ó dáa, sà." Ó yà á lẹ́nu pé n kò jà. Mo tún bá a gbọn eruku kúrò lẹ́yìn kóòtù rẹ̀.

N kò tíì mọ ohun tí n ó ṣe. Bí mo bá kọ̀, àwọn àjọ á padà sí Àbújá, láàbù á sì di ti ìlú mìíràn. Bí mo bá gbà, ẹ̀rọ rẹ̀ á dákẹ́ lójú wọn, torí èmi ni mo ṣe é, mo sì ṣe é dáadáa. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni yóò gbè é lẹ́yìn láti fi lé mi dànù. Ìyẹn dùn mí ju gbogbo ohun tó ti ṣe ṣáájú lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí, èmi kọ́ ni mo ṣe é. Nígbà tí ó ku díẹ̀ kí àjọ dé, olórí ẹ̀ka pe pásítọ̀ wa kí wọ́n wá ya ẹ̀rọ náà sí mímọ́. Ní ọ̀dọ̀ wa, kò sí ohun tuntun tí a kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún, ọkọ̀ ni o, ẹ̀rọ ìlọta ni o, kọ̀ǹpútà ni o. Gbogbo ẹ̀ka péjọ sí láàbù. Wọ́n ti gbé ẹ̀rọ náà kúrò nínú náítírójìn, ó ti gbẹ. Pásítọ̀ gbàdúrà dáadáa. Ènìyàn rere ni wọ́n, wọn kò sì mọ nǹkan kan nípa ìjà wa. Wọ́n bèèrè pé níbo ni òkúta tí àwọn ń gbọ́ nípa rẹ̀ wà. Ó yẹ kí olórí ẹ̀ka fi ọwọ́ kan agolo bàbà, kí ó ní inú ibí ni, kí ó sì fi mọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí wọ́n rí i. Ó mú sikuduráfà, ó tú ìdérí, ó sì ṣí i.

"Òkúta sáfírè nìyí, sà," ó ní. Pásítọ̀ bẹ ojú wò ó, inú wọn sì dùn bí ẹni pé tiwọn ni. Wọ́n ní òkúta yìí wà nínú ìpìlẹ̀ Jerúsálẹ́mù tuntun, pé Ìkẹ́rẹ́ náà ti ní tirẹ̀. Wọ́n ní kí gbogbo wa di ojú. N kò di tèmi, torí mo ti rí ìgò òróró ní ọwọ́ wọn. Wọ́n da òróró sí àtàǹpàkò, wọ́n fi ya àgbélébùú sórí òkúta náà. Wọ́n tún da díẹ̀ sí i. Mo rí i bó ṣe ń ṣàn lọ sí etí, ibi tí ìgbì ń gbà kọjá gan-an.

Ẹnu mi ti là. Gbólóhùn kan péré ni ì bá dá wọn dúró. Mo wo olórí ẹ̀ka: ó di ojú pinpin, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀. Mo pa ẹnu mi dé. Nígbà tí pásítọ̀ parí àdúrà, Àmín tèmi ló ròkè jù, débi pé ẹni tó dúró tì mí yí ojú wò mí. Ọkùnrin náà gbé ìdérí padà, ó sì dè é. Kò nù ún. Òróró àdúrà ni; ta ni yóò nù ún?

Mo sùn dáadáa lọ́jọ́ náà, ọkọ mi ló jí mi.

Olórí àwọn àjọ tó dé jẹ́ obìnrin kan tó ti dàgbà, ohùn rẹ̀ kò ròkè, ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́ náà dénú. Mo ti ẹ̀rọ mi wọlé lórí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń kó ìwé, mo so ó mọ́ ti ọ̀gá, mo tàn án, mo sì sún sẹ́yìn láìsọ̀rọ̀. Ìlà tó yọ lójú ohun èlò tí a fi ń wọn ariwo yẹ kó wà nísàlẹ̀. Òkè ló wà, ó sì ń fò. Obìnrin náà wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó ní èyí tí a lè rà lọ́jà dákẹ́ jù báyìí lọ.

"Ọ̀kan nínú méjèèjì ló ń pariwo," ó ní, "ṣùgbọ́n ìwọ̀n yìí nìkan kò lè sọ èyí tó jẹ́." Ọ̀gá kò jẹ́ kó sọ ọ́ tán. "Tiwọn ni," ó ní, ó nawọ́ sí mi. "Inú yàrá ẹrù ni wọ́n ti ṣe é, lẹ́yìn jẹnẹrétọ̀." Mo ti mọ̀ pé ohun tí yóò sọ nìyẹn. Mo ní, "Ó lè jẹ́ tèmi lóòótọ́, mà. Ẹ jẹ́ kí á ṣí méjèèjì."

A gbé wọn jáde kúrò nínú òtútù, a dúró kí wọ́n móoru kí ìrì má bàa bò wọ́n. Èmi ni mo kọ́kọ́ ṣí tèmi. Ó mọ́ gaara, obìnrin náà wo inú rẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀, ó ní kò sí àbùkù níbẹ̀. Ó kan ti ọ̀gá. Ó ní kò pọn dandan. Obìnrin náà ní ó pọn dandan. Nígbà tí ìdérí kúrò, àgbélébùú wà níbẹ̀ gbangba. Òtútù ti mú òróró náà dì, ó ti là káàkiri, ó sì ń yọ́ padà.

"Kí ni èyí?" obìnrin náà bèèrè.

Ohun tí ọkùnrin náà ṣe lẹ́yìn èyí ni mo ṣì ń gbádùn títí di òní. Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó yọ áńkáṣíìfù tó ti fi ń nu òógùn láti àárọ̀, ó fi ọwọ́ lásán gbé òkúta náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí nù ún. Ó nù ún bí ẹni ń nu bàtà. Ó mí èémí sí i, ó tún nù ún. Ó wá nà án sí obìnrin náà pé kí ó wò ó, ó ti mọ́.

Obìnrin náà kò gbà á. Ẹni tó bá ti ṣe irú ẹ̀rọ yìí rí kò jẹ́ fi ọwọ́ kan òkúta náà báyẹn, ìbáà sùn kó sì ń lálàá. "Sà," ó ní, "ta ló ṣe ẹ̀rọ yìí?" Ó ní, "Àwa ni." "Ta ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é?" Òkúta náà ṣì wà ní ọwọ́ rẹ̀, kò mọ ibi tí yóò gbé e sí. Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ láti àárọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu Ìkẹ́rẹ́ ló bọ́ sí i lẹ́nu báyìí. "Kí ni mo máa wí n'ulé?" ó ní, kì í sì í ṣe ẹnikẹ́ni nínú wa ló ń bá sọ̀rọ̀.

Mo lè ràn án lọ́wọ́ níbẹ̀. Mo jẹ́ kí ó pẹ́ níbẹ̀, ó sì dùn mọ́ mi. Ìgbà tó tó mi ni mo ṣí báàgì, mo yọ ìbọ̀wọ́, mo yọ ìgò asitóònù. Mo ti gbé e wá láti ilé, n kò ní purọ́. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n fọ̀ ọ́, mà. Kí ó tó tutù padà, ẹ ó ti jẹ iyán dé." Mo fọ̀ ọ́ bó ṣe yẹ, mo gbé e padà, mo ri í sínú náítírójìn. Nígbà tí wọ́n dé, ìlà náà ti wálẹ̀ sí ibi tí mo mọ̀ ọ́n sí. Obìnrin náà fa àga, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò sì bi ọ̀gá ní ìbéèrè kankan mọ́.

Èmi ni wọ́n fi ṣe olórí láàbù náà. Wọ́n ti mú ohun tó kọ kúrò níbi tó ti jáde, tèmi ló wà níbẹ̀ báyìí, orúkọ rẹ̀ kò sí lókè, kò sì sí nísàlẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ láàbù tán, pásítọ̀ pe èmi àti ọkùnrin náà sí yàrá wọn lẹ́yìn ìsìn. Ẹnìkan ti ṣàlàyé fún wọn ohun tí òróró náà ṣe. Wọ́n bi mí pé, "Ṣé o rí mi lọ́jọ́ náà?"

"Mo rí yín, sà."

"O mọ ohun tí yóò dà?"

"Mo mọ̀ ọ́n, sà."

"O sì ṣe Àmín." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní ọwọ́ àwọn ni mo fi gbẹ̀san. Mo ní òótọ́ ni wọ́n sọ. N kò bẹ̀bẹ̀, nítorí n kò kábàámọ̀.

Ọkùnrin náà ló wá sọ̀rọ̀. Ó ti rù. "Mo jí uṣẹ́ rẹ," ó ní, "mo mọ̀." Ó ní ìfẹ̀yìntì òun kò jìnnà mọ́, pé gbogbo ayé òun ni òun fi kọ́ni ní físíìsì, òun kò sì fi ọwọ́ ara òun ṣe ohun kan tó ṣiṣẹ́ rí. Ó ní òun kò tọrọ orúkọ, òun kò tọrọ ipò. Kí n ṣáà jẹ́ kí òun máa wá sí láàbù, kí n fi han òun bí a ṣe ń fọ òkúta náà, kí òun fi ọwọ́ ara òun mú un dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí òun tó lọ. Mo mọ̀ pé kò purọ́. Kò sí ẹni tó wọ iṣẹ́ yìí tí kì í fẹ́ ohun tó ń fẹ́ yẹn.

Pásítọ̀ ń wò mí. Mo rò ó dáadáa, n kò fi ìkánjú dáhùn.

"Kò sí àyè, sà," mo wí. Láàbù náà tóbi, àwa mẹ́ta péré la wà nínú rẹ̀, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.